Ọjọ́ Tí Mo Pa Àlájà Onílé Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé èmi náà lọ sílé ìkẹyìn. Ọjọ́ yẹn ni mo pa onílé mi láàárọ̀, tí mo sì tún bá wọn sunkún rẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má tíì sá fún mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Àdúgbò Làjìfàràní ní Pàràkú ni mò ń gbé, nínú ọgbà Àlájà, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Mùsùlùmí ni Àlájà àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Ìyẹn ò ní ká má jọ jẹun nínú àwo kan náà nígbà ọdún tiwọn àti nígbà ọdún tèmi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n inú ìwé ìtàn ni ọkàn mi wà, nítorí náà Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí nínú ọgbà. Wọn kì í fi orúkọ náà yìn mí. Bí àlejò bá bi Bàbá Súlè, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tèmi, pé kí ni mò ń kọ gan-an, á ní, "Ìtàn kan ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé báyìí."

Bí ẹnìkan bá sì bi mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ojú máa ń tì mí láti dáhùn. N kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kí n máa kọ̀wé bí ọmọlúàbí. Àfi kí n kọ́kọ́ rọra sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Bí ìyàwó bá ń bá ọkọ jà nínú ìtàn, èmi ni ìyàwó, èmi ni ọkọ, èmi náà ni ará ilé tó ń là wọ́n. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tó dùn létí mi ni mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ẹni tó bá ń kanlẹ̀kùn ń kàn án lásán ni.

Àṣà mi kejì ló wá burú jù. N kò lè dá ẹ̀dá inú ìtàn láìfi orúkọ ẹni tí mo mọ̀ pè é. Bí mo bá fún un lórúkọ tí mo kàn hùmọ̀, kò ní í rìn, kò ní í sọ̀rọ̀, á kàn dúró bí ẹ̀wù tí wọ́n fi kọ́ igi. Nítorí náà mo máa ń yá orúkọ àwọn ará ilé lò, pẹ̀lú èrò pé bí mo bá parí, n ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà tí ìtàn mi dá lé lórí, Àlájà ni mo pè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ráfíátù ni mo pè é, bí ọmọ Àlájà gan-an ṣe ń jẹ́. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Àwọn òǹtẹ̀wé ti dá ìwé náà padà fún mi kọjá bó ṣe yẹ kí ènìyàn máa ròyìn. Ọ̀kan ní kí n lọ tún un kọ lédè Faransé. Òmíràn ò tilẹ̀ dáhùn. Ẹnìkan ṣoṣo ní Kútọnu ló pè mí lórí pọ̀tábù, ó ní ìtàn náà wu òun, àmọ́ ojú òun gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Ìyá yìí kú ní orí tó gbẹ̀yìn, kò sì dun ẹnikẹ́ni nínú ìwé. Báwo lo ṣe fẹ́ kó dun èmi?"

Ó ní òun ń lọ sí Natitingou, òun á yà sọ́dọ̀ mi ní Pàràkú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí n tún ikú ìyá náà kọ. Bó bá pa òun lẹ́kún, òun á tẹ ìwé náà. Bí kò bá pa òun lẹ́kún, ká máa kí ara wa lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo mọ̀ pé bí eléyìí bá tún lọ, n kò ní í lókun àtifi ìwé náà han ẹlòmíràn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àlájà lọ sí Kandi lọ kí àbúrò rẹ̀. Ilé dákẹ́, mo ní áà, Ọlọ́run bá mi ṣe é. Bílẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe mọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró láàárín yàrá, mo di Ráfíátù inú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá mi. Ẹkún náà kọ̀, kò wọ̀ mí lára. Ni mo bá mú ohun tó wà nítòsí fi kún un. Mo rán ìyá inú ìtàn lọ sí Kandi, mo dojú ọkọ̀ dé lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn àjàgbé tó máa ń sáré níbẹ̀. Kíá ni omijé dé.

"Àlájà o! Kandi lo ní ò ń lọ, o ò sọ pé ọ̀run ni! Ọkọ̀ dànù, ta lo fi mí sílẹ̀ fún?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin kì í sábà ké báyẹn. Bí obìnrin bá ké, àwọn èèyàn lè ní bóyá eku ló rí. Bí ọkùnrin tó mọ̀wé bá fi orí lu ògiri láàárọ̀ kùtù, kò sẹ́ni tó máa ní eku ni.

Ó dùn mọ́ mi débi pé mo yára jókòó, mo gbá bébà mú. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ni Bàbá Súlè kanlẹ̀kùn. "Akọ̀wé, kí ló dé?" N kò dáhùn, ẹ ti mọ òfin mi. Ó tún kàn án. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì tún un sọ sókè kó má baà sá lọ: "Ó ti kú, ó ti kú, kò sẹ́ni tó máa pè mí lọ́mọ mọ́." Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá ń já lọ kùrò lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn pé ó ti sú u.

Nígbà tí mo parí, oòrùn ti mú. Mo ṣílẹ̀kùn kí n lọ pọn omi wẹ̀, mo rí i pé ọgbà ti kún. Wọ́n ti tẹ́ ẹní káàkiri. Àwọn obìnrin ti fi ìbòrí bo orí, wọ́n jókòó tì Ráfíátù, ojú ọmọ náà ti wú. Àlùfáà wà lórí àga, ó ń fa tẹ̀súbáà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń jiyàn lórí ọkọ̀ tí wọ́n máa gbé lọ sí Kandi lọ gbé òkú wá, torí Mùsùlùmí kì í fi òkú sílẹ̀ pẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí ilẹ̀ gbà á kó tó di alẹ́.

Mo bi ìyá tó sún mọ́ mi jù, "Ta ló kú?"

Ó ní, "Àlájà mà ni. Ọkọ̀ dànù lọ́nà Kandi. Ọmọ ẹ̀ ń pè é lórí pọ̀tábù láti àárọ̀, kò wọlé."

Ẹni tó bá ní làákàyè, ibẹ̀ ni ì bá ti ronú. Èmi ò ronú. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bírò mi ló pa á. Mo kọ ọ́ pé ó kú lọ́nà Kandi, ó sì kú lọ́nà Kandi. Mo rántí ọbẹ̀ tó máa ń bù fún mi, mo rántí bó ṣe máa ń ní kí n jẹun kí n tó máa tẹjú mọ́ ìwé, ọkàn mi bàjẹ́ gidi gan-an, mo ṣubú lulẹ̀. Ẹkún àárọ̀ yẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Bàbá Súlè ló gbé mi dìde. Ó ní, "Akọ̀wé, ó tó gẹ́ẹ́. A kì í ké báyẹn fún Mùsùlùmí. Láti àárọ̀ lo ti wà lẹ́nu ẹ̀."

Láti àárọ̀. Bàbá sọ ọ́ sí mi létí, ojú mi ò sì là.

Àlùfáà ṣàdúrà, ó ní kí ẹnìkan sọ ìwọ̀nba tó bá mọ̀ nípa olóògbé. Gbogbo ojú yí sí Akọ̀wé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán. Ni mo bá ń sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́, nípa ìyá tó máa ń kí àlejò kó tó mọ orúkọ rẹ̀, tó dárí ji gbogbo ènìyàn kó tó lọ. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Àlùfáà gan-an fi etí ẹ̀wù nu ojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń nu omijé nù bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Òǹtẹ̀wé mi ni. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Màmá yìí mà ṣèèyàn o. Bó bá ṣe pé bó o ṣe sọ̀rọ̀ yìí lo kọ ìwé rẹ..."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́. Láàárọ̀ yìí."

Ó wò mí. "Kí ìròyìn tó dé?"

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni taksí kan fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Àlájà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà. Ó wo bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹní, ó wo àlùfáà.

Ó ní, "Ta ló kú nílé mi?"

Àwọn obìnrin kan gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Àlùfáà dìde dúró, tẹ̀súbáà rẹ̀ ń sáré lọ́wọ́. Ráfíátù nìkan ló sáré dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì sọ fún un nínú ẹkún pé ìyá òun ni wọ́n ní ó kú.

"À bọ́ọ̀n? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Àlájà ní. Ó gbé àlùbọ́sà sílẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. "Pọ̀tábù mi ló kú, kì í ṣe èmi. Ta ló mú ìròyìn wá?"

Ráfíátù ní Bàbá Súlè ló sọ fún òun. Bàbá Súlè ní Akọ̀wé ni. Mo fò dìde. "Èmi kẹ̀? Ọ̀dọ̀ yín mà ni mo ti gbọ́ ọ!"

Bàbá Súlè rọra bi mí, "Akọ̀wé, ta ló ń ké nínú yàrá láàárọ̀ pé ọkọ̀ dànù, Àlájà kú?"

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi, ẹ̀rín sì jẹ́ ohun tó jìnnà sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àlájà. "Pàdọ́ọ̀n, ẹ foríjì mí, ìyá mi. Inú ìwé ni ẹ ti kú."

Ó ní, "Kà á kí n gbọ́."

Ẹ wo èmi níwájú ìyá, tí mò ń ka ikú rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, ó ń mi orí, àfi ìgbà tí mo dé ibi tó ti dárí ji gbogbo ènìyàn.

Ó ní, "Dúró níbẹ̀. Èmi? Mo dárí ji gbogbo wọn? Àti ìyá tó yá ìkòkò mi ní ìsọmọlórúkọ tí kò dá a padà?" Ó bojú wẹ̀yìn, ìyá kan nínú àwọn tó ń sunkún tẹrí ba. "Irọ́ lo pa mọ́ mi. Pa á rẹ́. Má sì pa mí mọ́."

Òǹtẹ̀wé gba ọ̀rọ̀ sọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kú. Ikú yẹn ló pa gbogbo wa lẹ́kún."

"Mìsíọ̀, ṣé orúkọ ìyá rẹ ló fi pè é ni?"

"Rárá, Màmá."

"Nígbà náà, bó bá máa pa á, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ọgbà mi kó tó pa á."

Yàrá mi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé mi wà lọ́wọ́ òsì, àwọn méjèèjì sì ń wò mí. Ibi tí mo ti ń wojú Àlájà, pẹ̀lú àlùbọ́sà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ nítorí ikú rẹ̀, ni mo ti rí òpin ìtàn mi. Mo ní, "Kò ní í kú. Wọ́n á sunkún rẹ̀ títí ojú á fi wú. Lẹ́yìn náà á sọ̀ kalẹ̀ nínú taksí, á bèèrè ẹni tó kú."

Òǹtẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín, omijé àkọ́kọ́ ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Ó ní kí n lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí àwọn aládùúgbò gbé wá nítorí olóògbé, olóògbé ló bù ú fún wa.

Ìwé náà ti jáde báyìí. Orúkọ Àlájà wà nínú rẹ̀, ó ní n kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà kan wà láàárín aṣọ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Arzèkè, Ráfíátù ló sì máa ń kà á fún un. Ibi ẹkún nìkan ló máa ń ní kó kà. Bí taksí bá ti fẹ́ dé, á ní ó tó. Ó ní òun fẹ́ràn kí òun máa gbọ́ bó ṣe dùn wọ́n, pé bí òun bá kú ní tòótọ́ òun ò ní í gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Bí mo bá fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, mo máa ń sọ fún ará ilé ná. Láàárọ̀ yìí náà, mo dúró láàárín ọgbà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹnìkan máa kú lónìí, inú ìwé ni. Ẹ má pe àlùfáà."

Bàbá Súlè gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe èmi?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Òun ni.