Ọjọ́ Tí Wọ́n Tì Mí Mọ́lé Pẹ̀lú Ewúrẹ́ Mẹ́ta

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn àna mi ò gbà. Kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ṣe wọ̀ mí lára, kí ẹ má baà rò pé orí mi ló dàrú.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nínú ìdílé ahunṣọ. Ẹni tó bá ti wo ẹni tó ń hunṣọ rí yóò ti rí nǹkan wúwo tó máa ń wà lápá ìparí òwú, tó ń fà á kó le. Òkúta ni àwọn èèyàn ń lò. Irin ńlá kan tó ní òrùka méjì ló wà lórí ti bàbá mi. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí lọ́jọ́ tí mo bi ìyá bàbá mi léèrè pé irin kí nìyẹn.

Wọ́n ní, “Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de bàbá ọkọ mi ni. Wọn ò san owó orí, ni ìjọba bá sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lè fi ohun tí àwọn ti fẹsẹ̀ gbé káàkiri sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.”

Ojú ẹsẹ̀ ni mo ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ irin náà, mo sì ṣubú lu òwú bàbá mi. Ìyà tí mo jẹ lọ́jọ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò pa ìfẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n nínú mi. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń to orúkọ agbábọ́ọ̀lù lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni mo ń to ti àwọn ògbólógbòó ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ bi mí ní ohunkóhun. Mo lè sọ fún yín pé kí òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa kì í sé ọ̀daràn mọ́lé pẹ́ títí. Ilé ìjòyè ni wọ́n ń dè é mọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, yóò san ìtanràn, tàbí kí wọ́n lé e nílùú, tàbí kí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bá a. Pé kí èèyàn jókòó sójú kan, kí ìjọba máa bọ́ ọ, kó máa gé koríko, àwọn aláwọ̀ funfun ló kó ìyẹn dé. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa rántí pé àwọn gbé ìkòkò kaná.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ fẹ́yàwó. Mọrẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alhaji kan tó ń ṣòwò kajú ní Ìwéré-Ilé. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ọmọ fọ́kọ láì wádìí ìdílé: ṣé wọn ò ya wèrè, ṣé wọn ò jalè, ṣé ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀wọ̀n rí. Alhaji ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, “Àbúrò mi obìnrin ló ń bá wa wádìí. Tó bá ní kò sí aburú, o fẹ́ ẹ tán. Tó bá ní ó wà, máa lọ ní àlàáfíà.” Mi ò tíì rí ìyá náà rí. Mo kàn ń gbàdúrà pé kó jẹ́ aláàánú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, mo gun ọ̀kadà mi láti lọ kí Alhaji. Mo di aṣọ òkè tí mo fọwọ́ ara mi hun fún wọn sábíyá. Mo ní n kọ́kọ́ yà ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Àgọ́-Àrẹ. Ẹ̀yìn ààfin ibẹ̀ ni àtìmọ́lé àtijọ́ kan wà, ológiri amọ̀, tí wọ́n ti ń ti ènìyàn mọ́ láyé àwọn baba wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Ekòló mọ́. Ògbólógbòó olè ni Ekòló. Wọ́n ní alaalẹ́ ló ń fi omi rin ògiri, tó ń fi àpáàdì họ ọ́, títí ó fi dá ihò sí i, tó sì jáde. Kò pẹ́ tó fi padà wọlé fúnra rẹ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀ ò gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè é. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti di ihò náà.

Lóde òní, ẹran tó bá jẹ oko olóko ni wọ́n ń tì mọ́bẹ̀ títí olówó rẹ̀ yóò fi wá. Mo bá ìlẹ̀kùn irin náà ní ṣíṣí díẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Mo wọlé, mo gbé aṣọ Alhaji kalẹ̀, mo tẹ téèpù tí mo fi ń wọn nǹkan sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sídìí ògiri bí ẹni tó ń kí ọba. Ni mo bá gbọ́ gbàgà! Bàbá Súlè, akódà ààfin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ló ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n rí i pé ìlẹ̀kùn ṣí, wọ́n rò pé ewúrẹ́ fẹ́ sá, wọ́n sì fi àgádágodo sí i láì wo inú.

Mo pariwo. Ta ni yóò gbọ́? Gbogbo ìlú ti lọ kírun Jímọ̀. Fóònù mi wà nínú báàgì lára ọ̀kadà níta. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ewúrẹ́ pupa kan ti ń jẹ aṣọ Alhaji. Mo fà á, òun náà fà á. Agbára wa ò dọ́gba.

Ni mo bá rántí Ekòló. Mo wá ògiri ẹ̀yìn káàkiri, mo sì rí ojú ibi tí àwọ̀ amọ̀ rẹ̀ yàtọ̀! Ẹ foríjì mí, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé wọ́n tì mí mọ́lé. Mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo ta á nípàá. Ẹsẹ̀ mi wọlé dé orúnkún, ó yọ síta lódìkejì, àfi bí mo ṣe gbọ́ igbe obìnrin.

“Yéè! Ẹsẹ̀ yọ lára ògiri o! Ekòló ti dé!”

Mo fa ẹsẹ̀ mi padà kíá, bàtà mi ṣẹ́kù síta. Àṣé wọ́n ti ṣíwọ́ ìrun. Kò pẹ́ tí èrò fi kún iwájú ìlẹ̀kùn. Ìyá kan tó gbé bàtà mi dání yọjú láti ojú fèrèsé onírin. Ìyá Ràfíátù ni wọ́n ń pè é. Ewúrẹ́ rẹ̀ ló wá gbà.

“Ìwọ ta nìyẹn? Ṣé wọ́n tún ti ń ti ènìyàn mọ́bẹ̀ ni?”

“Rárá, mà. Mo wá wọn ògiri ni.”

Ẹnìkan lẹ́yìn wọn ní, “Ó wọ̀n ọ́n tán, ló bá ń dá a lu!”

Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má pè mí lólè. Mo ní, “Ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó ni mí, mà. Alhaji oníkajú ní Ìwéré-Ilé ni àna mi. Ẹ pè wọ́n!”

Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu. “Ìyá Ràfíátù, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn?”

Ìyá Ràfíátù wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti èyí tí kò wọ̀. Wọ́n dojú odó kan dé, wọ́n jókòó lé e. “Allahu Akbar. Ọ̀la ni mo ní n lọ wádìí ẹ ní Ìsẹ́yìn. Ọlọ́run ti bá mi tì í mọ́lé. Ẹ̀yin ará, ẹ dákẹ́. Ọkọ ìyàwó, ṣé wèrè wà nílé yín?”

“Kò sí, mà.”

Ẹnìkan ní, “Ẹ tún un bi!”

“Olè ńkọ́?”

“Kò sí, mà.”

“Ṣé ẹnìkan ti ṣẹ̀wọ̀n rí?”

“Kò sí” nìkan náà ló yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sẹ́ni tó fi tinútinú bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Bàbá bàbá bàbá mi!” Mo sọ ti owó orí, mo sọ ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, mo na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé láti fi bí òrùka rẹ̀ ṣe nípọn hàn wọ́n. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé oríṣi àgádágodo tó wà lára rẹ̀ ni làákàyè mi ti bá mi. Mo pa ẹnu dé. Mọrẹ́nikẹ́ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Bàbá Súlè dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ṣí i. Wọ́n ní, “Òfin ààfin ni. Ohun tó bá wà nínú ilé yìí, olóhun ló ń gbà á lójú gbogbo ayé. Ta ló ni eléyìí?”

Èmi ni wọ́n nawọ́ sí. Ìyá Ràfíátù na ọwọ́ sí ewúrẹ́ pupa. “Tèmi nìyẹn. Kí ló ń jẹ lẹ́nu?”

“Aṣọ Alhaji ni, mà,” ni mo wí.

Ẹ̀rín pa ìyá náà títí ìborùn fi bọ́ lórí wọn. Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n ní, “Gbogbo ìdílé tí mo ti wádìí fún ẹ̀gbọ́n mi, málékà nìkan ló ń gbébẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n rí. Eléyìí nìkan ló jẹ́wọ́, tí mi ò tíì halẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá Súlè, ẹ ṣílẹ̀kùn. Méjì ni tèmi: ewúrẹ́ kan, àna kan.”

Èmi ni mo po amọ̀, tí mo fi di ihò náà kí wọ́n tó dá bàtà mi padà. Lọ́jọ́ ìdáná wa, Alhaji fúnra wọn ló kígbe pé, “Ẹ mú ẹlẹ́wọ̀n wa wọlé!” Títí di òní, bí mo bá pẹ́ níta, ìyàwó mi a máa béèrè bóyá kí òun lọ sọ pé òun ló ni mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: kí èèyàn tó wọ ilé tó ní àgádágodo, kó mọ ibi tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mi ò jáwọ́ o. Mo ti wọn àtìmọ́lé àtijọ́ méje báyìí. Ìkeje, lápá Òfìkì, ni ògiri rẹ̀ nípọn jù lọ. Nígbà tí mo rí i lójú téèpù, mo kígbe sí Mọrẹ́nikẹ́ tó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló ṣe? Ó rọra ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi, ó ní, “Tún un wọ̀n, kó má lọ jẹ́ irọ́.” Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níta, mo sì rẹ́rìn-ín tèmi nínú ilé, nítorí kí ni mo tún lè ṣe? Ẹsẹ̀ bàtà méjì ó lé íǹṣì mẹ́ta. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.