Kámẹ́rà Ńlá Kì í Wà Nílé

Ẹnu mi kì í sinmi bí mo bá ra nǹkan tuntun. Ẹ wá fojú inú wo bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo ra kámẹ́rà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe o, ṣùgbọ́n oníbàárà kan kò gbọ́dọ̀ fi fóònù ya fọ́tò aṣọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ kí n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní eré ọmọdé ni fóònù, pé kámẹ́rà gidi ló ń jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn èèyàn ṣe bàìbàì, kí ojú sì mọ́ kedere.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ìgbà tó bá wu ọkọ̀ náà ló ń wálé. Nígbà tó wá kẹ́yìn, Màmá wa ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ kó tó lọ: fọ́tò tí òun àti gbogbo ọmọ òun yóò jọ wà, tí òun yóò máa wò bí ilé bá dá páro.

Àbúrò wa obìnrin ti fa fóònù yọ. Mo gbà á, mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n.

“Kámẹ́rà ńlá kì í wà nílé,” mo wí, “kí ojú ìyá oníkámẹ́rà ṣú.”

Mo tò wọ́n, mo tún wọn tò. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ ọrùn sápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń dùn ún. Takisí tó fẹ́ gbé e ti ń fun fèrè níta. Mo kúnlẹ̀, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, ni ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán bá ya fàà láti ẹ̀yìn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì, ó lọ.

A wá wo fọ́tò náà. Kàlẹ́ńdà ara ògiri mọ́ kedere, a rí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kà. Àwọn èèyàn iwájú rẹ̀ ló ṣe bàìbàì.

Màmá wò ó títí. “Èwo ni mí nínú wọn?”

Ojú tì mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Takisí ti lọ jìnnà.

Ìyàwó mi, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn mi látìgbà náà, wá rọra na fóònù rẹ̀ sí Màmá: òun náà ti ya fọ́tò wa látibẹ̀. Ojú gbogbo wọn mọ́ rekete, ẹ̀rín sì kún ibẹ̀. Èmi nìkan ló kọ̀yìn, ṣòkòtò mi là sílẹ̀ gbayawu.

Inú Màmá dùn. Ó ní gbogbo wa pé síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà jáde, ó fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan bi í pé ta ló bẹ̀rẹ̀ síwájú yẹn.

“Ọmọ mi kejì ni,” Màmá fi ìgbéraga dáhùn. “Télọ̀ ni.”