Mọ́dígáàdì Bọ̀rọ̀kìnní

Bí dígí bá lẹ́nu ni, dígí iyàrá Bọ̀rọ̀kìnní ì bá ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kóun sinmi. Láàárọ̀, yóò wojú. Lọ́sàn-án, yóò wo ẹ̀gbẹ́. Nírọ̀lẹ́, yóò kẹ̀yìn sí dígí ńlá, yóò wá fi dígí kékeré yọjú wo bí kọ́là ẹ̀wù ṣe jókòó sí i lọ́rùn. Ọkùnrin náà jọ ara rẹ̀ lójú. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyìí, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ọ́.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bọ̀rọ̀kìnní. Ìyàwó kì í ṣáà pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, ó ní láti wá nǹkan pè é. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí bàtà tó ń dán gbinrin, ó rí irun tí wọ́n fi òróró tẹ́ sílẹ̀, orúkọ náà sì bọ́ sí i lẹ́nu. Obìnrin yìí fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bọ̀rọ̀kìnní rò pé oríkì ni, ó lọ fi tẹ káàdì.

Ìyá Sípánà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó náà, torí pé alùpùpù ló ń tún ṣe. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù tó ń jò. Tí òjò bá ti ṣú, ìró ara rẹ̀ ni yóò tú bo ẹ́ńjìnnì oníbàárà, òjò yóò sì máa na òun. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé yìí: ibi iṣẹ́ tó ní òrùlé gidi.

Irú ibẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ṣófo, tó ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àti ilẹ̀kùn onírin. Ọ̀nà ọ̀dà ti sú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n fẹ́ máa gba inú igbó gun òkè. Àmọ́ ọ̀nà ọ̀dà ni wọ́n ṣe máṣíìnì wọn fún, ẹnìkan ní láti tún gbogbo wọn tò. Bàbá Alága, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, wá pàṣẹ pé lọ́jọ́ Sátidé tó máa parí oṣù, alùpùpù tí wọ́n bá tún ṣe tó sì gun òkè náà dórí, ọwọ́ tó ṣe é ló máa gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́.

Bọ̀rọ̀kìnní, tóun náà wà nínú ẹgbẹ́, ti alùpùpù rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kejì.

"Ìyàwó mi, bá mi ṣe tèmi. Tó bá ti gun òkè tán, èmi fúnra mi ni màá nawọ́ sí ẹ, màá ní, ẹ wo ẹni tó ṣe é."

"Ẹ ṣé, Bọ̀rọ̀kìnní mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Ó yọ táyà dídán, ó fi oníkókó sí i. Sàlẹ́ńsà tó ń wọ́ nítòsí ilẹ̀, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó lókè, kí òkúta àti omi má bàa rí i mú. Ó fi irin pẹlẹbẹ bo ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Ó wá ku mọ́dígáàdì iwájú, èyí tó lẹ̀ mọ́ táyà bí fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́dígáàdì yìí ò ní lè bá wa lọ. Ó sún mọ́ táyà jù. Ẹrẹ̀ á há sáàárín wọn, táyà ò sì ní yí mọ́. Ẹ jẹ́ n fi èyí tó ga sí i."

"Èyí tó ń dán yìí lo fẹ́ yọ?" Bọ̀rọ̀kìnní fa áńkáṣífù yọ, ó nù ún. "Inú ẹ̀ ni mo ti ń rí ojú mi."

"Ẹ máa wojú yín nílé."

"Ìwọ ṣáà dè é kó le dáadáa. Mo ti pe ẹni tó ń kọ pátákó, ó ń bọ̀ wá kọ oyè mi sí i."

Lóòótọ́ ló dé, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà, lọ́dà pupa: EKÙN ORÍ ÒKÈ. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ekùn yìí kò kúrò lórí ọ̀nà ọ̀dà rí. Tó bá pàdé omi kékeré lójú títì, ńṣe ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, táá máa ti máṣíìnì kọjá. Ìyá Sípánà fẹjọ́ sun ọkọ rẹ̀, ọkọ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bó ṣe ní kó rí, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀." Ó bá dè é.

Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé. Èrò pé sí ẹsẹ̀ òkè, tọmọ tìyàwó. Bọ̀rọ̀kìnní yọ nínú ṣòkòtò funfun báláú, ó fi síkáàfù wé ọrùn. Bàbá Alága ṣí ìwé rẹ̀.

"Ta ló ṣe máṣíìnì yìí?"

Ìyá Sípánà ti fi kẹrosíìnì fọ epo kúrò lọ́wọ́, ó ti wọ aṣọ tó mọ́. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú pàápàá.

"Èmi ni," ni Bọ̀rọ̀kìnní dáhùn. "Ọwọ́ mi méjèèjì yìí."

Ó gbé wọn sókè. Ọwọ́ náà rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun.

"Obìnrin yìí ńkọ́?"

"Ìyàwó ilé wa ni. Ó ń bá mi gbé àpótí irinṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Sípánà wọnú eegun. Ó wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ ń wo ara rẹ̀ nínú mọ́dígáàdì. Bó bá já a nírọ́ lójú èrò, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá sì dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ tó ti gbé síwájú padà, omi ń lé ròrò lójú rẹ̀.

"Kí lo fi gbé sàlẹ́ńsà yìí sókè?" ni Bàbá Alága tún bi í.

"Ọpọlọ," ni Bọ̀rọ̀kìnní wí.

Èrò pàtẹ́wọ́. Bàbá Alága kọ "ọpọlọ" sínú ìwé, ó fàlà sí i nídìí.

Ó yá, ekùn gbéra. Ibi tó gbẹ, ó gbà á dáadáa, ó tilẹ̀ ń fi ọwọ́ kan juwọ́ sáwọn èèyàn. Ìgbà tó kan ẹrẹ̀, táyà gbé ẹrẹ̀ lọ fún mọ́dígáàdì, mọ́dígáàdì ní kò síbi tó ń gbà. Bọ̀rọ̀kìnní fún iná mọ́ ọn. Táyà iwájú dúró gbọn-in, tẹ̀yìn kò sì gbọ́ pé wọ́n ti dúró. Bọ̀rọ̀kìnní gba orí máṣíìnì kọjá, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fún ní àga.

Kò fara pa. Èrò sáré dé, Bàbá Alága rọra bá wọn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì ló kú, Bàbá."

"Ẹ́ńjìnnì ń dún, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ."

"Ẹ̀n, òkè yìí ni kò dáa tó."

"Ṣebí ìwọ lo ṣe é. Tú mọ́dígáàdì yẹn, kí o máa lọ. Ẹ gbé àpótí fún un."

Bọ̀rọ̀kìnní mú sípánà kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Kò bá bóòtì mu. Ó mú òmíràn, kò bá a mu. Ìkẹta ṣèèṣì wọ̀ ọ́, ó bá fi gbogbo agbára yí i sí ọ̀tún.

"Ó mà ń dè é mọ́ ọn," ẹnìkan wí.

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ó yí i títí bóòtì fi ń ké. Ó wá tẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ sí i létí. Àmọ́ ẹrẹ̀ ti di etí tirẹ̀ náà, kò mọ bí ohùn òun ṣe ròkè tó.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, apá ibo ni wọ́n ń yí i sí?"

Gbogbo ẹsẹ̀ òkè ló gbọ́.

Ìyá Sípánà kúnlẹ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò lè mọ̀ ọ́n. Àpótí ni mò ń gbé."

Bọ̀rọ̀kìnní wọ̀tún, ó wòsì. Gbogbo ojú ń wò ó, irú èyí tó ti ń wá láti ọjọ́ tó ti dáyé.

"Òun ló ṣe é," ó ń kùn.

"Ta ni?" ni Bàbá Alága wí.

"Ìyàwó wa yìí. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ọpọlọ yẹn ńkọ́?"

"Tiẹ̀ náà ni."

Bàbá Alága pa ohun tó kọ rẹ́, ó tún un kọ. Ìyá Sípánà dìde. Bóòtì mẹ́rin, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, mọ́dígáàdì bọ́ sílẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gun máṣíìnì náà, ó gba inú ẹrẹ̀ kan náà kọjá, ó sì ń lọ títí a fi rí i lórí òkè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ Bàbá Alága tó ń dúró dè é. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó bú sẹ́kún.

Bọ̀rọ̀kìnní kò dúró wo ìyẹn. Ó ti forí lé ọ̀nà ilé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Àmọ́ ọ̀nà náà gùn, ṣọ́ọ̀bù tò sí i lọ́tùn-ún lósì, ìròyìn sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Aránṣọ jáde síta. Onígbàjámọ̀ jáde. Ẹni tó ń ta bàtà jáde pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Bọ̀rọ̀kìnní, ẹ kú ẹrẹ̀ o." Ọmọlúàbí kì í sì í jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀: "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o. A dúpẹ́."