Àga Bàbá Mùtíù àti Ìbàdí Onígọ́ọ̀fù

Lánàá, ọjọ́ Ọjọ́rú, ẹjọ́ àga ló wọ ààfin. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ààfin ọ̀hún kò ju gbọ̀ngán Olóyè Dáramọ́lá ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta, lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní pálọ̀ níwájú rẹ̀ yóò dúró síta.

Ẹni tó pẹjọ́ ni Bàbá Mùtíù, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta aṣọ ní Ìjẹmọ̀. Orúnkún rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ mọ́. Ọdún méje ló ti ń jókòó kírun lórí àga kẹrin ní mọ́sáláṣí àdúgbò, lábẹ́ fáànù. Àga mẹ́rin péré ni Lèmọ́mù gbà láàyè, kí àga má baà gba àyè mọ́ àwọn tó ń forí kanlẹ̀ lọ́wọ́. Àfi bí Sàlàhúdíìnì, ará àdúgbò kan náà, ṣe dé ní Jímọ̀ kan, tó fìdí lé àga kẹrin, tó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

Bàbá dúró kírun lọ́jọ́ náà, orúnkún rẹ̀ sì wú fún ọjọ́ mẹ́rin. Láti ìgbà náà, Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá tó jẹ́ pé inú ilé ló ti ń gbọ́ ohùn Ládánì. Ó dùn ún wọ eegun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ tó kù láyé, inú mọ́sáláṣí yẹn ló ti ń rí wọn.

Olóyè bi í pé kí ló dé tí kò fẹjọ́ sun Lèmọ́mù. Bàbá ní òun ṣe bẹ́ẹ̀, Lèmọ́mù ní bí ẹnì kan bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, ta ló fẹ́ wọ inú ẹ̀yìn náà lọ wò ó?

“Èmi ti wò ó wá,” ni Bàbá wí. “Ní Sátidé tó kọjá, mo wà lórí ọ̀kadà, mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. A gba ẹ̀gbẹ́ pápá gọ́ọ̀fù kọjá. Ta ni mo rí? Sàlàhúdíìnì yìí náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn tí kò lè tẹ̀ fún Ọlọ́run ló tẹ̀ fún bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin adìyẹ!”

Gbọ̀ngán dàrú. Ìyá Àfúsá, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀, ní kí wọ́n dá ẹjọ́ náà kíá, òun gbé ẹ̀wà kaná.

Sàlàhúdíìnì dìde. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ó ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí kò tíì sọ fún ní Kẹ́mta pé ọ̀gá ni òun nínú gọ́ọ̀fù.

“Olóyè, kí ẹ pẹ́ fún wa. N kò jiyàn pé mo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gọ́ọ̀fù ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn ìrun ọ̀tọ̀. Gọ́ọ̀fù, ẹ̀gbẹ́ la ń yí sí. Ìrun, iwájú la ń tẹ̀ sí. Tèmi, ti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹ̀yìn mélòó lo ní?”

“Ọ̀kan ni, Olóyè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ló ń ṣe.”

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Wọn kò gbọ́ irú àwáwí báyìí rí, àwọn méjì nínú wọn sì ti fẹ́ máa mi orí sí i. Bí inú Sàlàhúdíìnì ṣe dùn nìyẹn, ló bá pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Àmínù, tó ń bá a gbé àpò igi gọ́ọ̀fù kiri pápá, pé kó wá ṣàlàyé bí ìbàdí òun ṣe ń yí. Àmínù dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò ní purọ́ o. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti ba ọ̀gá rẹ̀ láti ibẹ̀.

“Òótọ́ ni Bàbá sọ, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀,” ni Àmínù wí. “Ká ní ọ̀kadà Bàbá dúró díẹ̀ ni, wọn ì bá rí àwa mẹ́ta tí a fa ọ̀gá dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n há sí.”

“Àmínù!”

“Èmi ni mò ń bá wọn bẹ̀rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láti oṣù kẹfà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbá a, ìbàdí wọn kì í yí, gbogbo ara ló ń yí pọ̀ bí ìlẹ̀kùn. Inú igbó ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Olóyè, ọ̀gá mi kò purọ́ fún Ọlọ́run. Ẹ̀yìn wọn ti gan lóòótọ́.”

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹ̀rí yìí ì bá yọ Sàlàhúdíìnì nínú ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ irú ìgbàlà bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje ńlá wọn. Ó ní kí wọ́n má gba Àmínù gbọ́. Ó ní ẹ̀yìn òun ń tẹ̀, ìbàdí òun ń yí, kò sí ẹni tó fa òun dìde rí láyé.

“Bí o bá lè tẹ̀,” ni Olóyè wí, “a jẹ́ pé o jí àga Bàbá. Bí o kò bá lè tẹ̀, a jẹ́ pé inú igbó ni gọ́ọ̀fù tí o fi ń yangàn wà. Mú ọ̀kan.”

Òógùn bo ọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jí àga.

Bàbá Mùtíù, tó ti gbé ìbínú wá láti ilé, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Àánú Sàlàhúdíìnì tilẹ̀ wá ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àánú kò ní kó má gba àga rẹ̀.

Olóyè kò gba ẹ̀bi orí ahọ́n yẹn. Ó pe Adépéjú, tó ń fi ìdárayá wo ẹ̀yìn ríro, tí Sàlàhúdíìnì ti lọ bá nígbà kan. Adépéjú ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Láti Abẹ́òkúta dé Ìkẹjà, àga. Ní ọ́fíìsì, àga. Nílé níwájú tẹlifíṣọ̀n, àga. Oríkèé ìbàdí ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, ìdí ẹ̀yìn ló wá ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, bó bá ti fẹ́ yí gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ló ń jìyà. Ó ní òun ti kọ́ ọ pé kó máa jókòó lórí ẹní, kó máa lóṣòó lójoojúmọ́, kó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ kó da orúnkún méjèèjì sọ́tùn-ún, kó tún dà wọ́n sósì. Ọjọ́ méjì péré ló ṣe é.

“Ṣé o ní kó má tẹ̀ mọ́ ni?” ni Bàbá Mùtíù bi í.

“Rárá o, Bàbá. Mo ní kó má fi ẹ̀yìn gbé àpò gọ́ọ̀fù. Àga ni mo ní kó dín kù, ló bá lọ fi ti mọ́sáláṣí kún un.”

Olóyè tún ìjókòó ṣe, ó dájọ́.

“Àga padà sọ́dọ̀ Bàbá Mùtíù láti òní. Ìwọ Sàlàhúdíìnì, yàtọ̀ sí ti mọ́tò, o kò gbọdọ̀ fìdí kan àga fún ogójì ọjọ́. Ẹní ni o máa jókòó lé, kódà níwájú àna rẹ.”

“Ọ́fíìsì ńkọ́, Olóyè?”

“Wàá dúró ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wàá lóṣòó níwájú Bàbá, wàá da omi àlùwàlá fún wọn, wàá fọ ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ tí o bá ṣe é tán tí o dìde láìdi nǹkan kan mú, ọjọ́ náà lo tó fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù.”

“Sátidé ni ìdíje wa o.”

“Ọjọ́rú la wà. O ṣì ní ọjọ́ mẹ́ta.”

Adépéjú ní ìtọ́jú gidi nìyẹn, kò sí ohun tí òun fẹ́ yọ nínú rẹ̀.

Ìrun ìrọ̀lẹ́ ká wọn mọ́bẹ̀. Wọ́n gbé búútà omi àlùwàlá dé, Bàbá Mùtíù jókòó dáadáa, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Sàlàhúdíìnì lóṣòó díẹ̀díẹ̀, eegun rẹ̀ dún débi pé Ìyá Àfúsá wo òkè àjà. Ó da omi, ó fọ ẹsẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Àmínù fẹ́ gbà á mú, Olóyè ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò bá a pín ogójì ọjọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó padà sílẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, Ọlọ́run bá a ṣe é, ó dìde. Gbogbo gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́. Ó nu òógùn ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń ro ti Sátidé.

Bàbá Mùtíù wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

“O ṣeun, ọmọ mi. Ó ku tòsì.”