Ọjọ́ Tí Rẹ̀mílẹ́kún Pe Orúkọ Kíláàsì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ? Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa. Èmi ò bá wọn jiyàn. Bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni màá ṣe sọ ọ́ fún yín.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún. Kò kàwé púpọ̀ kó tó wọlé ọkọ. Bí Ìbídùn ọmọ rẹ̀ bá gba èsì ìdánwò, ará àdúgbò ní ń bá a kà á, wọ́n á sì fi tẹnu wọn kún un. Ó wá ṣèlérí fún ọmọ náà pé, “Ní òpin sáà yìí, èmi fúnra mi ni màá ka tìrẹ, lédè Òyìnbó.” Ìlérí yìí ló gbé e wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ọkọ rẹ̀ lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Tíṣà Adéògún tó ń kọ́ wọn ní òfin kan: akẹ́kọ̀ọ́ ní ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá kàn, á pe orúkọ gbogbo kíláàsì, á sì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó márùn-ún. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ọjọ́ tó kan Rẹ̀mílẹ́kún, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ṣí ìwé orúkọ, àyà rẹ̀ sì já. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn! Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.

“Ẹ pè é, Ìyá Ìbídùn,” ni tíṣà wí. “Nínú kíláàsì, kò sí ìyàwó, kò sí ìyá ọkọ.”

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó jókòó níwájú, ní, “Kó pe tèmi, kó wá wò ó!”

Láṣebíkan, àbúrò ọkọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Èmi ló kàn.”

Rẹ̀mílẹ́kún dijú. Ó gbàdúrà lọ́kàn: Olúwa, má jẹ́ kójú tì mí. Bó ṣe lajú, fèrèsé ló rí. Ṣebí ìyàwó ló ń fún ará ilé ọkọ lórúkọ? Ló bá kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Wíńdò! Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ ká rí atẹ́gùn.”

Inú ẹ̀gbọ́n dùn. Èyí tó tẹ̀lé e di Dóò, èyí tó sanra di Tébù. Ó kan Láṣebíkan.

“Ọkọ mi, Búkẹ́ẹ̀tì!”

“Èmi? Korobá?”

“Jókòó, Korobá,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ẹ̀kọ mẹ́fà lo jẹ láàárọ̀, o ò tíì kún.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ku ìyá ọkọ nìkan. Nínú ohun tó kù lórí ilẹ̀, ìgbálẹ̀ nìkan ni Rẹ̀mílẹ́kún mọ orúkọ rẹ̀ lédè Òyìnbó. Ó wo ìgbálẹ̀. Ìyá àgbà tẹ̀lé ojú rẹ̀, òun náà wo ìgbálẹ̀.

“Dán an wò,” ló wí.

Rẹ̀mílẹ́kún yára gbójú sókè sí òrùlé. “Ìyá mi… Rúùfù! Ẹ̀yin lẹ bo gbogbo wa lórí, tójò ò fi pa wá.”

Ìyá àgbà rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Mo wà níbí,” ló dáhùn. “Tíṣà, kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi nìkan ni kó máa jẹ́ ẹ.”

Tíṣà kà á: ọ̀rọ̀ márùn-ún ti pé. Ta ló sì máa gbàgbé orúkọ ara rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá wò ó dé òrùlé, ìgbálẹ̀ ni yóò pe ìyá ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí sáà parí, Rẹ̀mílẹ́kún fa Ìbídùn mọ́ra, ó ṣí ìwé èsì rẹ̀, ó sì kà á lédè Òyìnbó láti òkè délẹ̀, láìbẹ ẹnikẹ́ni.