Ìkòkò Ọkà Bàbà Tíṣà Inúmidùn

Tíṣà Inúmidùn gbé tábìlì síwájú yàrá tó háyà ní Odigbo, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó to àwo yí i ká, ó wá jókòó ti ìkòkò ọkà bàbà tó ti ń sè láti àárọ̀. Ó ti pe gbogbo àdúgbò wá jẹun ọ̀sán Sátidé, ẹnì kan ò sì tíì yà. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sójú ọ̀nà Ore ló ń pè pé kó wá jẹun, gbogbo wọn ló ń dá a lóhùn pé "Á gba ibi ire o," wọ́n á sì yára ẹsẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó ti wá bá ara rẹ̀ sọ ọ́: bí ilẹ̀ òní bá fi ṣú tí ẹnikẹ́ni ò jókòó jẹun lọ́dọ̀ òun, tó bá di Mọ́ńdè, òun á lọ bẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun padà sí ìlú òun ní Ìkàrẹ́. Ìyá òun wà níbẹ̀, ìyẹn ò lè sá fún oúnjẹ òun.

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Ìyá Rachel, aládùúgbò rẹ̀ tó ń dá oko kòkó ní Ajue, ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó di nǹkan sábẹ́ ìborùn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

"Ẹ káàbọ̀, Mà." Inúmidùn kúnlẹ̀, ó sì tètè dìde kí àlejò má baà yí ọkàn padà. Ó fa àga. "Ẹ jókòó, Mà. Ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire, ọma mi."

"Ẹ má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, Mà. Tọkàntọkàn ni mo fi pè yín."

"Tọkàntọkàn lèmi náà fi dáhùn."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ni, Mà."

"Bí mo bá jẹ ẹ́, kí ni ìwọ máa wá jẹ?"

"Ó pọ̀, Mà. Ẹ wo inú ìkòkò."

Ìyá Rachel na ọrùn, ó wo inú ìkòkò. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó fi etí ìborùn nu imú.

"Ṣé o ń sin adìyẹ ni?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Rárá o, Mà. Mi ò sin adìyẹ."

"Kò burú. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Inúmidùn rò pé obìnrin náà ò mọ ohun tó ń wò ni, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó ti ń kọ́ àlàyé rẹ̀ níwájú dígí láti ọjọ́ mélòó kan. Ó gbá ọwọ́ pọ̀ bí ìgbà tó bá dúró níwájú kíláàsì.

"Ọkà tí a ò bó ni, Mà. Odidi rẹ̀ ni mo sè. Inú èèpo yẹn gan-an ni agbára wà, àwa la máa ń bó o dànù tí a wá ń ra oògùn kiri. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, inú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ geere."

"Inú rẹ ò ṣiṣẹ́ mọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mà."

"Ìgbà wo ló ti dáwọ́ dúró?"

"Kò dáwọ́ dúró rí, Mà."

"Má fi pa mọ́ fún mi. Mo ní ewé tó dáa nílé, òórùn rẹ̀ nìkan ni ò dáa."

Àlàyé níwájú dígí ò débi ọ̀rọ̀ ewé. Inúmidùn tún gbìyànjú.

"Ara mi le, Mà. Mo kàn fẹ́ràn oúnjẹ gidi ni. Ẹ ò rí i pé igi ni mo fi dáná?"

"Mo rí i. Kí ló ṣe gáàsì rẹ?"

"Ó wà nínú ilé, Mà. Oúnjẹ orí igi ló ń dùn jù."

"Bí èmi náà ṣe máa ń wí nìyẹn, bí gáàsì mi bá ti tán."

"Kò tán, Mà."

"Mágì ńkọ́?"

"Mi ò fi mágì sí i. Irú nìkan ni."

"Ìyẹn náà ti tán," ni Ìyá Rachel sọ sábẹ́ ẹnu.

"Ata rẹ̀ gan-an, orí ọlọ ni mo ti lọ̀ ọ́. Mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Mo fẹ́ràn ọlọ."

"Èmi náà fẹ́ràn ọlọ gan-an, lọ́dún tí iná jó oko wa."

Ìyá Rachel ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó wo ojú títì, ó tú ìborùn, ó yọ ọ̀rá gaàrí kan àti ìgò epo pupa kan síta, ó tì wọ́n sí Inúmidùn láyà.

"Gbà. Yára gbé e wọlé."

"Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pe àlejò. Èwo ni kí àlejò tún gbé oúnjẹ dání?"

"Ta ni àlejò? Àwọn obìnrin ìjọ ló rán mi. Gbogbo wa la ń rí bí ìyà ṣe ń jẹ ọ́."

"Ìyà wo, Mà?"

"Odidi tíṣà, ẹsẹ̀ lò ń fi rìn lọ sílé ìwé lójoojúmọ́."

"Eré ìdárayá ni mò ń fi í ṣe."

"Nínú oòrùn? Bí kì í bá ṣe Àyànlọ́wọ̀ ọlọ́kadà tó gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Ara Inúmidùn gbóná. Ọ̀rọ̀ Àyànlọ́wọ̀ yẹn, òun ti gbà pé ó fẹ́ dẹnu ìfẹ́ kọ òun ni. Òun tilẹ̀ ti pe ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tóun sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kó má baà banú jẹ́.

"Mo ti sọ fún un, Mà, pé mi ò tíì múra àtilọ́kọ."

"Ó sọ fún wa. Ó ní ebi ti da orí rẹ rú. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ní kí a fi epo kún gaàrí yẹn."

Inúmidùn tẹjú mọ́ ìgò epo náà.

"Ní Sọ́ńdè tó kọjá ńkọ́," Ìyá Rachel ń bá tirẹ̀ lọ, "nígbà tí olùṣọ́ ní kí gbogbo wa gbàdúrà fún ẹnì kan láàrin wa tó ń jẹ oúnjẹ ìpọ́njú, ta lo rò pé à ń gbà á fún?"

Inúmidùn rántí àdúrà náà dáadáa. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ti wò yí ká ṣọ́ọ̀ṣì pé ta lèèyàn náà, ó ṣe é láàánú, ó sì ṣe àmín tó jù ti gbogbo èèyàn lọ.

"Ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi yà?" ló bi í.

"Ta ló máa jókòó jẹ ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ. A ò kàn rorò ni."

Inúmidùn jókòó, ó gbé gaàrí lé ẹsẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé Odigbo ló ti ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń jẹun, wọ́n sì ti ń bá a bẹ Ọlọ́run kó lè rí i jẹ. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá omi ojú ni.

"Èmi kì í ṣe tálákà, Mà. Aláṣejù ni mí. Mo ní gáàsì, mo ní mágì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kàn ń fi í pa mọ́ kí ojú má tì mí ni. Èèyàn ni mi ò ní. Èmi nìkan ni mo máa ń jẹun nínú yàrá yìí. Bí ẹnì kan ò bá jókòó tì mí jẹun lónìí, Mọ́ńdè ni màá lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé mi padà sí Ìkàrẹ́."

Ìyá Rachel wò ó títí. Ó wo ìkòkò. Ó fa àga, ó jókòó.

"Bu díẹ̀ wá. Díẹ̀ ni mo wí o."

Inúmidùn bu ú fún un. Ìyá Rachel fi ṣíbí gbé ìwọ̀nba sẹ́nu, ó di ojú bí ọmọdé tí wọ́n fún ní àgbo. Ó rún un. Ó ṣí ojú kan.

"Ẹja wà níbẹ̀."

"Ẹja gbígbẹ ni, Mà, láti etí omi Ìlàjẹ."

"Ẹja wà níbẹ̀, látàárọ̀ lo ti ń sọ èèpo fún mi."

"Mo rò pé èèpo ló ṣe pàtàkì, Mà."

"Ta ni wọ́n ń fi èèpo pè wá jẹun? Ẹ̀wà tún nìyí. Bu sí i."

Inúmidùn bu sí i. "Ó yẹ kéèyàn rún un pẹ́, Mà, kí agbára tó wà nínú—"

"Jẹ́ kí n máa rún un nígbà náà. Má bá mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n jọ jẹun. Ó pẹ́ tí Inúmidùn ti gbọ́ ìró ṣíbí méjì pọ̀, ó dùn mọ́ ọn dọ́kàn, kò sì sọ nǹkan kan nípa inú tó ń ṣiṣẹ́ geere. Ó ń bu, Ìyá Rachel ń jẹ, àwo ń ṣófo, àwo ń kún. Kò pẹ́ ni Nurat tó ń ránṣọ ní ìkángun àdúgbò ń bọ̀ lójú títì. Inú Inúmidùn dùn. Ó ti ń dìde àtipè é nígbà tí Ìyá Rachel sáré fi ìborùn bo àwo, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó sì mi orí sí Nurat bí ẹni tó jókòó ti òkú. Nurat náà mi orí, ó kọjá lọ.

"Mà, kí ló dé? Ẹ jẹ́ kó wá bá wa jẹ ẹ́."

"Jókòó." Ìyá Rachel ṣí àwo.

"Ṣùgbọ́n ẹ máa sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la pé ìyà ò jẹ mí, àbí, Mà?"

Ìyá Rachel fi ṣíbí ha ìdí àwo. "Kí lo máa sè ní Sátidé tó ń bọ̀?"

"Jéró, Mà," ni Inúmidùn dáhùn, kó tó rántí pé Ìkàrẹ́ lòun ń lọ. Ó sì rí i pé kò wu òun láti lọ mọ́.

"Ẹja á wà níbẹ̀?"

"Á wà níbẹ̀, Mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá sọ fún wọn lọ́la pé ìyà ọ̀hún ti le sí i, kí wọ́n máa rán èmi nìkan wá."