Ẹ̀rọ Tí Fíkà Yà Sí Mímọ́

Bí àlùfáà bá ya ẹ̀rọ kan sí mímọ́, tí a wá pààrọ̀ ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi tán, níbo ni àdúrà yẹn wà?

Ọdún 1999 ni, ní Sábó, Yaba. Mo fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọmọ mi lókè òkun, ni mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Hilda, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń bá aráàlú fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ìjọ kan náà là ń lọ. Èmi ni mo máa ń ka ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Mo bá a tó ń bá Gbádé, ọmọ yunifásítì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, fa ọ̀rọ̀. Gbádé ní Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, ti gbó, ó ti ní ihò, irú ihò tí olè gbà wọ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojúẹlẹ́gba, tí olè náà fi ń ka lẹ́tà oníbàárà. Àfi kí òun fọwọ́ ara òun pààrọ̀ àwọn ètò tó gbó.

"O ò ní fọwọ́ kàn án. Fíkà ìjọ wa ti yà á sí mímọ́."

"Fíkà ya ilé yín náà sí mímọ́, Àǹtí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń ti ilẹ̀kùn?"

"Torí àwọn ará ìjọ."

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà.

Gbádé ní tí lẹ́tà ẹnikẹ́ni bá lu síta, kò sẹ́ni tó máa bi Fíkà. Ìyẹn wọ Àǹtí Hilda létí. Ó fa àga sẹ́yìn fún un. Gbádé ki dísìkì bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó fajú ro.

"Kí ló wí?"

"Ètò tuntun yìí ní òun ò ní wọlé àfi tí ẹ̀gbọ́n òun bá kọ́kọ́ wọlé."

"Ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìwọ tó o ti jókòó kó o tó kí mi ńkọ́?"

Ó fi dísìkì míì sí i.

"Ẹ̀gbọ́n ti wọlé?"

"Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò lòun ń dúró dè."

"Hẹn-ẹ́n. Ẹbí ọkọ mi nìyẹn."

Gbádé tún tẹ̀ ẹ́, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti ti àwọn méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òun ò bi wọ́n léèrè mọ́.

"Ibo lo wà nígbà ìgbéyàwó mi?" Àǹtí Hilda sún mọ́ ọn. "Nínú èyí tí Fíkà gbàdúrà sí, kí ló kù?"

"Àpótí ẹ̀ lásán. Àti bọ́tìnnì tí omi mímọ́ Fíkà bà jẹ́."

Àǹtí Hilda wò mí bíi pé èmi ni mo ta omi náà. Ó jáde lọ wo jẹnẹrétọ̀, kí iná má lọ lójijì.

Ó ku kí Gbádé pa ẹ̀rọ náà, kó tún un tàn. Ó pa á. Ó tàn án. Ojú ẹ̀rọ dúdú, kò yí padà, gbogbo lẹ́tà aráàlú sì wà nínú rẹ̀. Gbádé wo ẹnu ọ̀nà, ó wá tẹ̀ sí mi létí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí Àǹtí má gbọ́. Ẹ ṣáà má ta omi sí i."